Èrè 20% la fi lé ọjà, ìwé ń sọ 16.67%: ta ló kó ₦600,000?

Ọmọ_Ìyá_Ọlọ́jà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìwé owó. Àǹtí mi ń ta ọjà jíjẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Bódìjà, n'Íbàdàn, èmi ni mo ń bá wọn ṣe ìwé. Wọ́n fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n mú ìṣirò oṣù mẹ́fà wá, oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, pẹ̀lú ohun tó fi hàn pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn wọn. Ohun tó wà níwájú mi rèé:

Ọjà tí a tà: ₦18,000,000 (₦3,000,000 nínú rẹ̀ jẹ́ àwìn)
Ọjà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní: ₦2,400,000
Ọjà tí a rà kún un: ₦15,800,000
Ọjà tó wà nílẹ̀ níparí oṣù kẹfà: ₦3,200,000
Ìnáwó (owó ilé, owó oṣù ọmọ méjì, iná àti jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀, ọ̀rá): ₦1,800,000
Owó lọ́wọ́ àti ní báńkì: ₦350,000
Àwìn tó ṣì wà níta: ₦850,000
Gbèsè tí a jẹ àwọn tó ń já ọjà fún wa: ₦2,100,000

Ìjà ti fẹ́ bẹ́ lórí ẹ̀. Àǹtí ní 20% ni àwọn ń fi lé ọjà, nítorí náà ó yẹ kí èrè jẹ́ ₦3,600,000, ìyẹn 20% nínú ₦18,000,000. Ìwé ń sọ ₦3,000,000 géérégé. Wọ́n ní ₦600,000 ti sọnù, ọmọ tó ń bá wọn tajà ni ojú wọn sì wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lowó náà wọlé sí?

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fún oníbàárà 30 ní ìwé ìbéèrè: "Ṣé ẹ gbádùn ọjà wa àti ìwà wa?" Kí wọ́n mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 5. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pín in, ó jẹ́ 4.3. Ṣé ó tó mú lọ síwájú ẹgbẹ́?

Kóńgò_Pé:

Ẹ má tíì pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. ₦600,000 yẹn kò sọnù, kò tiẹ̀ sí rí.

Orí iye tí wọ́n ra ọjà ni Àǹtí ti fi 20% lé e, orí iye tí wọ́n tà á ni wọ́n wá ń wá a sí. Ẹ mú páálí kan tí ẹ rà ní ₦10,000. Ẹ fi 20% lé e, ẹ tà á ní ₦12,000, èrè ₦2,000. Tí ẹ bá fi ₦10,000 pín ₦2,000, 20% ni. Tí ẹ bá fi ₦12,000 pín in, 16.67% ni. Owó kan náà. Ẹ wá pín ₦18,000,000 sí 1.2, ẹ ó rí ₦15,000,000. Ìyẹn ni iye tí ẹ ra gbogbo ọjà tó tà, èrè orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,000,000.

Láti mọ ohun tí èyí tí ẹ fi lé e máa jẹ́ nínú owó títà, ẹ fi ọgọ́rùn-ún kún un, kí ẹ fi àpapọ̀ yẹn pín in. 10% tí ẹ fi lé ọjà yóò jẹ́ 9.09% nínú owó títà, 25% yóò jẹ́ 20%, 50% yóò jẹ́ 33.33%. Tí Àǹtí bá fẹ́ kí ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé jẹ́ èrè lóòótọ́, 25% ni kí wọ́n máa fi lé e. Bí ẹgbẹ́ bá béèrè ìpín èrè, èyí tó wà lórí owó títà ni wọ́n ń béèrè, ẹ má kọ 20% síbẹ̀.

Àmọ́ "géérégé" tí ẹ kọ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ọjà jíjẹ tí èrè rẹ̀ máa bá iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà mu láìyẹ̀ kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀ni wà níbẹ̀. Àpò ìyẹ̀fun tí eku já wà níbẹ̀. Oníbàárà tó ná ọjà títí ẹ fi dín in fún un wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fa 16.67% wálẹ̀. Tó bá wá bọ́ sí 16.67% gan-an, ó jọ pé ńṣe lẹnì kan pín owó títà sí 1.2, tó sì ti ibẹ̀ yọ iye ọjà tó kù nílẹ̀. Ṣé ẹ ka ₦3,200,000 yẹn ni, àbí ẹ ṣírò rẹ̀?

Tí ẹ kò bá kà á, ẹ kà á kí ẹ tó sọ̀rọ̀ olè. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ìlẹ̀kùn, kí ẹnì kan máa kà, kí ẹlòmíì máa kọ, kí ẹni tó ń kà má sì mọ iye tí ìwé ń retí. Iye tí ẹ ra ọjà ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá fi iye tí ẹ ń tà á ṣírò rẹ̀, èrè tí ẹ kò tíì jẹ ti wọ ìwé nìyẹn. Ọjà tí déètì rẹ̀ ti kọjá, òdo ni ẹ ó kọ sí i. Ọjà tí wọ́n ti já sílẹ̀ àmọ́ tí risíìtì rẹ̀ kò tíì wọ ìwé, ẹ ṣọ́ra fún un dáadáa: ẹ ó kà á mọ́ ohun tó wà nílẹ̀, ẹ kò sì ní kà á mọ́ ohun tí ẹ rà, èrè á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí pé oṣù kẹfà ti kọjá, ẹ yọ ohun tó wọlé láti ìgbà náà kúrò nínú ohun tí ẹ bá kà, kí ẹ sì dá ohun tó ti tà padà sí i ní iye tí ẹ rà á.

Ọmọ_Ìyá_Ọlọ́jà:

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìṣirò ni lóòótọ́, bí ẹni tó ń ṣe ìwé tẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ti kà á, a sì ti ṣe àtúnṣe tí ẹ wí. ₦2,990,000 ló jẹ́, ó fi ₦210,000 dín sí ti ìwé. Àǹtí tún wá rántí pé àwọn kì í fi 20% lé ìrẹsì, 8% ni, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ iye ìrẹsì ní Bódìjà. Ìrẹsì tó tà láàárín oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦1,620,000.

Kóńgò_Pé:

Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ ti ń yé wa bọ̀.

₦2,400,000 àti ₦15,800,000 jẹ́ ₦18,200,000. Ẹ yọ ₦2,990,000, ó ku ₦15,210,000 tí ẹ ra ohun tó tà. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦2,790,000, ìyẹn 15.5%. Ẹ yọ ìnáwó ₦1,800,000, ó ku ₦990,000, ìyẹn 5.5%. Ẹ wò ó dáadáa o, owó oṣù ọmọ méjì ló wà nínú ìnáwó, kò sí ti Àǹtí. Tí wọ́n bá ń san ₦100,000 lóṣù fún ara wọn, ₦390,000 péré ni ṣọ́ọ̀bù jèrè láàárín oṣù mẹ́fà.

₦210,000 wá ńkọ́? Ìrẹsì ₦1,620,000 tí èrè rẹ̀ jẹ́ 8%, ₦1,500,000 ni wọ́n rà á. Ìwé kà á sí 20%, ó sì gbà pé ₦1,350,000 ni wọ́n rà á. ₦150,000 ti lọ síbẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò mú un. Ó ku ₦60,000. Kí ẹ tó wo ọmọ yẹn lójú, ẹ bi Àǹtí ní ohun tí wọ́n ń mú relé lálẹ́. Mílíìkì, súgà àti epo tó jẹ́ ₦2,500 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 26, ti di ₦65,000. Kò sí aburú nínú kí ọlọ́jà jẹ nínú ọjà rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní iye tí wọ́n rà á, lábẹ́ owó tí ọlọ́jà mú.

Tí ẹ bá ṣì ń fura, náírà kò lè mú olè fún yín, iye ẹyọ ló lè mú un. Ẹ yan ọjà mẹ́wàá tó ń yá tà jù. Ká ní mílíìkì: páálí 12 wà nílẹ̀, ẹ ra 60, ìwé títà ní 65 ti lọ. Ó yẹ kó ku 7. Tí ẹ bá ka 5, páálí méjì kò sí níbẹ̀, ẹ sì ti mọ ọjà náà àti ọ̀sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó bá di oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Akọ̀wé_Àjọ:

Ìwé irú èyí ni èmi máa ń gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe èrè ni a kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí a ń wò ni pé: bí gbogbo àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè bá kan ilẹ̀kùn lóṣù yìí, ṣé ẹ ó rí i san?

Ẹ ro owó, àwìn àti ọjà ilẹ̀ pọ̀: ₦350,000, ₦850,000, ₦2,990,000, ó jẹ́ ₦4,190,000. Ẹ fi gbèsè ₦2,100,000 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. Òun ni àwọn oníṣirò ń pè ní current ratio. Inú Àǹtí á dùn sí i, torí ìwé kíkọ́ sọ pé 2 dára. Ẹ wá yọ ọjà ilẹ̀ kúrò, torí ẹ kò lè fi páálí tòmátì san gbèsè. ₦1,200,000 ló kù, ẹ fi ₦2,100,000 pín in, ó jẹ́ 0.57. Ìyẹn ni quick ratio. Náírà kan gbèsè, kọ́bọ̀ 57 ló dúró dè é. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń rí owó ọwọ́ lójoojúmọ́, 0.57 kì í ṣe ikú, àmọ́ ẹ máa múra láti ṣàlàyé rẹ̀.

Àlàyé náà wà nínú ọjọ́. Ẹ ro ọjà ilẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: ₦2,695,000. Ẹ fi pín ₦15,210,000, ọjà yín yípo bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, 5.64. Oṣù kìíní sí ìkẹfà jẹ́ ọjọ́ 181, nítorí náà ọjà ń lo nǹkan bí ọjọ́ 32 lórí pẹpẹ. Ẹ má fi ₦18,000,000 ṣe é. Iye rírà ni ọjà ilẹ̀ wà, iye rírà náà ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi owó títà ṣe é, ọjọ́ á wá dín, ọjà tó ń kú lọ á dà bí èyí tó ń yá.

Àwìn: ₦850,000, ẹ fi ₦3,000,000 tí ẹ tà ní àwìn pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 181, ó jẹ́ ọjọ́ 51. Bí ẹ bá fi gbogbo ₦18,000,000 pín in, ọjọ́ 9 ni ẹ ó rí, ẹ ó sì rò pé àwọn onígbèsè yín jẹ́ áńgẹ́lì. Gbèsè tiyín: ₦2,100,000 lórí ₦15,800,000, ó jẹ́ ọjọ́ 24. Àwọn tó ń já ọjà fún yín ń gba owó wọn láàárín ọjọ́ 24, ọjà ń lo ọjọ́ 32 kó tó tà, èyí tí ẹ bá sì tà ní àwìn tún ń lo ọjọ́ 51 kó tó di owó. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi ń jèrè tí owó kò fi sí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ pín àwìn náà sí ọ̀wọ́ bí ó ṣe pẹ́ tó: kò tíì pé oṣù kan, oṣù kan sí mẹ́ta, ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ. Èyí tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ, a kì í kà á mọ́ owó.

Òǹkà_Èrò:

Ẹ jẹ́ kí n bá ìwé ìbéèrè yẹn jà díẹ̀, torí òun ni wọ́n gbójú fò.

Ìbéèrè méjì lẹ rán pọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ọjà tí kò fẹ́ràn ìwà, nọ́ńbà wo ni kó mú? Ẹ pín in sí méjì. Bákan náà, inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti bi àwọn 30 náà. Àwọn tí inú ti bí, tí wọ́n ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì òpópónà, kò sí níbẹ̀. Àti pé ta ló ń gba ìwé náà? Bó bá jẹ́ Àǹtí fúnra wọn, ta ló máa wo àgbà lójú, tí á sì mú 2? Nínú ilé Yorùbá, 4.3 lójú ọlọ́jà kò jẹ́ nǹkan kan. Kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, iye kan náà ló ń wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sì pé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ìwé yín ṣe rí nìyẹn: ẹ lè tún un ṣe lọ́la kó tún jẹ́ 4.3.

Lórí ríro pọ̀ àti pínpín: Stevens, ará Amẹ́ríkà tó kọ nípa òṣùwọ̀n lọ́dún 1946, pín òṣùwọ̀n sí mẹ́rin. Èkíní jẹ́ orúkọ lásán (àdúgbò tí oníbàárà ń gbé). Èkejì ní ipò, àmọ́ àlàfo àárín rẹ̀ kò dọ́gba (1 dé 5 tiyín). Ẹ̀kẹta ní àlàfo tó dọ́gba, òdo rẹ̀ ni kì í ṣe òdo gidi (bí ìwọ̀n ooru ní Celsius: òdo ibẹ̀ kò ní kí ooru má sí rárá). Ẹ̀kẹrin ní òdo gidi: náírà, kílò, iye ìgbà tí ènìyàn wá. Láti 1 dé 2 lè jìn ju láti 4 dé 5 lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùwádìí kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé 4.3. Àwọn mìíràn ń ṣe é, pàápàá tí wọ́n bá ro ìdáhùn ìbéèrè púpọ̀ pọ̀, bí Likert ṣe ṣe é nígbà tó gbé irú ìwé ìbéèrè yìí jáde ní 1932. Ìbéèrè ẹyọ kan ní tiyín, kò ní àtìlẹ́yìn yẹn. Ẹ sọ iye ènìyàn tó mú 5, iye tó mú 4, títí dé 1.

Èmi ì bá tiẹ̀ gbé ìgbádùn tì. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe: "Ìgbà wo lẹ ra ìrẹsì gbẹ̀yìn? Ọ̀dọ̀ ta ni? Èló lẹ ná?" Iye ìgbà àti náírà ní òdo gidi, ẹ lè rò ó, ẹ lè pín in. Àdúgbò tí ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ yan ilé kan nínú mẹ́wàá ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíì tí wọn kò mọ̀ mọ́ Àǹtí sì béèrè. Lórí iye ènìyàn: 30 lè fi bí 18% ṣì sókè tàbí sílẹ̀. 100, bí 10%. 400, bí 5%. Fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, 100 ti tó, tó bá jẹ́ pé ẹ yàn wọ́n dáadáa. 400 tí ẹ kó jọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò sàn ju 30 lọ.

Alájàpá:

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un, lórí títà.

Ẹdínwó 5% tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń fún oníbàárà bí ẹni ń fún ọmọdé ní ṣúìtì: ohun tí ẹ rà ní ₦1,000, tí ẹ ń tà ní ₦1,200, ẹ dín 5%, ó di ₦1,140. Èrè bọ́ láti ₦200 sí ₦140, ìyẹn ni pé 30% èrè yín ti lọ. Kí èrè náà tó lè padà, ẹ ní láti tà á bí 43% ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe oníbàárà lóore, ẹ fi ẹ̀ni kan tí iye rẹ̀ kò ju ₦20 lọ sí i, inú rẹ̀ á dùn ju ₦60 tí ẹ dín lọ.

Èkejì, iye tí ẹ máa tún un rà ni kí ẹ fi 20% lé, ẹ yé wo iye tí ẹ rà á. Páálí tí ẹ rà ní ₦10,000, tí ẹ tà ní ₦12,000, tí ó wá di ₦11,500 nígbà tí ẹ padà lọ: nínú ₦2,000 tí ìwé pè ní èrè, ₦1,500 ti bá páálí tuntun lọ. Ìwé á máa sọ 16.67% lóṣooṣù, ojú owó á máa sún kì. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń já a fún yín láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tún iye tó wà lára pẹpẹ ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọmọ_Ìyá_Ọlọ́jà:

Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè ìkẹyìn, Akọ̀wé_Àjọ: ₦1,500,000 ni Àǹtí fẹ́ yá, fún pẹpẹ, fíríìjì àti owó ilé ṣọ́ọ̀bù kejì. Ṣé ìṣirò wọn lè gbé e?

Akọ̀wé_Àjọ:

Pẹpẹ àti fíríìjì kì í ṣe ohun tí ń di owó kíákíá, nítorí náà ₦4,190,000 yẹn kò ní pọ̀ sí i. Gbèsè ló máa pọ̀. Tí ẹgbẹ́ bá ní kí Àǹtí san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù 12, ₦2,100,000 di ₦3,600,000, current ratio á já láti 2 sí 1.16. Tó bá jẹ́ oṣù 24, ìdajì rẹ̀ nìkan ló bọ́ sínú ọdún yìí, ₦2,850,000, ó jẹ́ 1.47.

Ẹ wá wo sísan rẹ̀, láìtíì ka èlé. Oṣù 12: ₦125,000 lóṣù. Oṣù 24: ₦62,500 lóṣù. Èrè tó kù, ₦990,000, jẹ́ ₦165,000 lóṣù, àmọ́ tí Àǹtí bá mú ₦100,000 jẹun, ₦65,000 ló kù. Oṣù 12 kò ṣeé ṣe. Oṣù 24 ń tiro, èlé lásán lè gbé e ṣubú. Ṣọ́ọ̀bù tuntun kì í sì í gbé ìnáwó ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ti ìsinsìnyí, tí ìnáwó rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 lóṣù tí èrè orí ọjà rẹ̀ sì jẹ́ 15.5%, gbọ́dọ̀ ta bí ₦1,935,000 lóṣù kó tó pa owó rẹ̀, ìyẹn bí ₦74,400 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26.

Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba àwìn wọn. Bí wọ́n bá rí ₦500,000 gbà nínú ₦850,000, ₦1,000,000 ni wọ́n máa yá, oṣù 24, bí ₦41,700 lóṣù kí èlé tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé tí ẹ ń mú wá.